Ẹni Tí Ó Bá A Lọ Dúpẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ni oko rẹ̀. Àwòrán ilé ni ó ń yà. Bí o bá fẹ́ kọ́lé, òun ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ sórí ìwé, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní Ṣikágò, ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ó máa lọ ná, bí ó bá ti rí ilé, kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì wá bá a. Ó rí ilé. Yàrá méjì ni, ní àjà kẹta ilé gogoro kan. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n máa bọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn yóò fi dé.

Oṣù kìíní ọdún ni. Bí o bá rò pé o mọ òtútù nítorí pé o mọ ọyẹ́, o kò tíì mọ nǹkan kan. Òtútù ibẹ̀ ń jẹ ènìyàn ni. Ọkùnrin yìí jáde láìwọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ibi tí òun ń lọ kò jìnnà. Bọ́ọ̀sì kò tètè dé. Nígbà tí yóò fi padà sílé, ìka rẹ̀ ti le bí igi. Kò lè di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Opó kan ń gbé níbi tí ó kọjú sí tirẹ̀. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ó yọjú, ó sì fa ọkùnrin náà wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ na ọwọ́ sí iná sítóòfù. Opó náà gbá ọwọ́ náà kúrò.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ ìka nù ni? Ìka tí òtútù bá ti pa kì í mọ̀ bí iná bá ń jó o, gígé ni wọ́n máa ń gé e."

Ó bu omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì jókòó tì í títí ẹ̀jẹ̀ fi padà síbẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, ó fún un ní ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú.

Ọkùnrin náà dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé àná."

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "O ti dúpẹ́ lánàá." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọkùnrin náà gbádùn. Ó rò pé ọpẹ́ òun ni kò tó tí obìnrin náà fi tilẹ̀kùn. O sì mọ̀ bí a ti ń ṣe é nílé wa: oore tí ó bá ju ẹnu ẹnìkan lọ, a ó wá ẹni tí yóò báni dúpẹ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n kan, ará ìlú rẹ̀, tí ó ti ń gbé ní Ṣikágò láti ogún ọdún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá kan." Ẹ̀gbọ́n kò bèèrè ọ̀rọ̀ méjì. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà opó náà. Wọ́n wọ agbádá lé ẹ̀wù òtútù, wọ́n sì tóbi bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní ihò kékeré kan tí onílé fi ń wo àlejò kí ó tó ṣí i. Opó náà wo ihò náà, ó rí ọkùnrin gìrìwò méjì. Ó ṣẹ́jú, ó tún wò, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. Ohùn nìkan ni ó ń gbọ́ láti ilẹ̀: "Màmá, a dúpẹ́ o! A dúpẹ́!" Àyà rẹ̀ já. Ó pe alábòójútó ilé.

Alábòójútó sáré dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ dìde níbẹ̀!"

Ọkùnrin náà dìde. Ẹ̀gbọ́n kò lè dìde, nítorí orúnkún rẹ̀ kan ti daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ó fi èdè wa sọ pé, "Ní kó ṣe sùúrù fún mi. Mo lè dá dọ̀bálẹ̀, àmọ́ dídìde gba èrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ lé mi!"

Lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ lé e. Alábòójútó ní ẹni tí ó bá ń dẹ́rù ba arúgbó kò lè gbé ilé òun. Ó ní bí ó bá di ọjọ́ Ajé, òun yóò fagi lé ìwé tí ó fọwọ́ sí. Ọkùnrin náà ro ti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì tí wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú òtútù yẹn, tí kò ní sí ilé.

Opó náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀. "Kí ni ẹ ń wá?"

"A ò wá nǹkan kan, Màmá. A wá dúpẹ́ ni."

"Mo ní o ti dúpẹ́."

"Ẹnu èmi nìkan ni mo fi dúpẹ́ ìyẹn, Màmá. Oore yín ju ẹnu kan lọ."

Opó náà wo ẹni tí ó wà nílẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni mo ṣe fún ìwọ?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, Màmá. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ̀ mọ̀ níbí. Ká ní wọ́n gé ìka rẹ̀ ni, èmi ni ǹ bá ròyìn rẹ̀ fún un. Ẹ kò jẹ́ kí n ro ìròyìn yẹn. Òun ni mo wá dúpẹ́ fún."

Obìnrin náà yọ ẹ̀wọ̀n. Ó sọ fún alábòójútó pé, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti lò nílé yìí. Mo ti pè ọ́ nítorí páìpù, mo ti pè ọ́ nítorí eku. Mi ò tíì rí ẹni tó padà wá dúpẹ́ rí. Èmi ni mo ṣì wọ́n gbọ́. Fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó yá, di apá ibẹ̀ yẹn mú, ká gbé bàbá yìí dìde."

Alábòójútó ki fóònù bọ àpò, ó di apá ọ̀tún mú. Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe rí ilé rẹ̀ gbà padà.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ìwọ yóò rẹ́rìn-ín, o ó sì máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Opó náà po tíì fún wọn. Ó bèèrè bí wọ́n ti ṣe mọ ara wọn. Inú ọkùnrin náà dùn bí ó ti ń sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n yìí ni ó wá pàdé òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ni ó gba òun sílé fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún, tí ó sì ń mú òun káàkiri títí òun fi rí ilé. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni ó ní, ó fi í sílẹ̀ fún òun, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń sùn lórí àga.

Opó náà ní, "Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn, Màmá."

"Ta ni o wá mú lọ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, kó bá ọ dúpẹ́?"

Ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà kó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, "Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀" ni gbogbo ohun tí ó wí. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń ju ọwọ́. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ọmọ ilé ni. Ta ní ń dúpẹ́ nínú ilé?" Ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni bí ó ti ń sọ ọ́. Inú ife tíì ni ó ń wò.

Ọkùnrin náà gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sí opó náà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúpẹ́."

Obìnrin náà kò mọ bí a ti ń ṣe é. Síbẹ̀ ó dìde, ó dúró tì í. Bí ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀, òun náà tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà, fún ti ọmọ yìí." Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n. Ó fa etí agbádá rẹ̀, ó fi nu ojú.

Ìwọ tí o wá sọ fún mi pé físà ti jáde, pé ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfurufú rẹ yóò gbéra, mo bá ọ yọ̀, mo sì ti gbàdúrà fún ọ. Ọlọ́run yóò fi irú opó yẹn sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Ẹ̀rù kò bà mí pé o kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oore àlejò máa ń yani lẹ́nu. Ti ará ilé ni ó dàbí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ ni à ń pariwo.

Àwọn kan á ní ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ kò bèèrè ọpẹ́. Òótọ́ ni, kì í bèèrè. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jiyàn lórí èyí, n kò sì ní dákẹ́: ẹni tí kò tọrọ oúnjẹ, ṣé ìyẹn ni pé ebi kò pa á?

Ní gbogbo oṣù tí o fi ń lọ tí o ń bọ̀ ní Èkó nítorí ìwé ìrìnnà yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni ó ń wẹ ìyá yín, tí ó ń gbé e jókòó sí oòrùn, tí ó ń gbé e wọlé. Òní ni Ọjọ́rú. Inú àgbàlá yín ni ó wà. Wá ẹni tí yóò bá ọ lọ bá a. Bí o kò bá rí ẹnìkan, èmi rèé. Mo ti wọ bàtà.