Ìdí Tí Àkókó Fi Ń Kan Igi Kó Tó Gbà Á Gbọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí orí ẹyẹ Àkókó ṣì dúdú bí èédú, tí kò sì fi ẹnu rẹ̀ ṣe ju kó jẹun kó sì máa súfèé lọ, gbogbo ẹranko inú igbó ló ń kó oúnjẹ wọn pa mọ́ sí ojú kan náà. Òkè kan ni. Òkè Àká ni wọ́n ń pè é.

Ọgọ́rùn-ún ihò ló wà lára Òkè Àká. Àwọn kan wà lókè téńté níbi tí oòrùn ti ń pa á, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀ létí odò. Pákó ni wọ́n fi ń dé ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi amọ̀ pupa rẹ́ ẹ títí yóò fi le. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, gbogbo wọn a jọra bí ẹyin adìyẹ.

Òfin ibẹ̀ sì le. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, kòkòrò wọlé nìyẹn, oúnjẹ bàjẹ́ nìyẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan? Iṣẹ́ Àkókó nìyẹn!

Igi ńlá kan dúró níwájú òkè náà. Igi Àmì ni orúkọ rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ ni Àkókó fi ń fa àmì sára èèpo rẹ̀, ọgọ́rùn-ún àmì fún ọgọ́rùn-ún ihò. Àmì òkè dúró fún ihò òkè, àmì ìsàlẹ̀ dúró fún ihò ìsàlẹ̀. Bí o bá rí ìrù gbọọrọ, ti Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Bí o bá rí eyín méjì, ti Òkété ni. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń rìn yí òkè ká láti àárọ̀ dọ̀sán mọ́. Wọn a bi Àkókó, Àkókó a wo igi lẹ́ẹ̀kan, a sì dáhùn kíá pé, "Ihò kẹrin lápá ọ̀tún!" Bẹ́ẹ̀ ni wọn a sì bá a.

Àkókó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í fi igi náà sílẹ̀. Kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ara òkè rí.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?" ni ó máa ń wí. "Ohun tó wà nínú òkè, òun náà ló wà lára igi mi."

Bí ẹni méjì bá fẹ́ pààrọ̀ ihò, ètò wà fún un. Oníkálukú a gbé ẹrù rẹ̀ lọ sínú ihò ẹnì kejì. Bí ẹrù ti ẹni àkọ́kọ́ bá wọlé, a pariwo pé, "Ó tán!" Bí ti ẹnì kejì bá wọlé, òun náà a pariwo pé, "Ó tán!" Bí Àkókó bá gbọ́ "Ó tán" méjì, a ha àmì àtijọ́ dànù, a sì fa tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jà lójú ọ̀nà, oníkálukú gbọ́dọ̀ gbé ẹrù rẹ̀ padà síbi tó ti gbé e, kó dà bí ẹni pé wọn kò dìde rárá.

Lọ́dún kan, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fún ní irúgbìn àgbàdo gbogbo igbó pé kó tọ́jú. Akèrègbè méje ni. Kò sí irúgbìn mìíràn níbì kankan. Inú ihò tó kángun sí odò ló kó wọn sí, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nítorí omi. Bàbá Òkété ló ni ihò tó ga jù lókè. Èkùrọ́ ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n eékún baba náà ti ń dùn ún, ara rẹ̀ kò gba òkè gígun mọ́.

"Bàbá Òkété, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀," ni Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"O ṣeun, ọmọ mi! Eékún mi ló rán ọ níṣẹ́ yìí!"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Òkété ń kó èkùrọ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé akèrègbè lọ sókè. Wọ́n pàdé lágbedeméjì òkè, wọ́n sì sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè mí. Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ máa gbójú sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ti wú rọ̀gọ̀dọ̀.

"Bàbá Òkété, kí ló wà lẹ́nu yín?"

"Mmm-mm," ni Òkété dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu!"

"Mm-mm!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù rìn ín nímú. Òkété sín. Háṣìn-ín! Ni hóró àgbàdo bá fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Irúgbìn gbogbo igbó!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo. "Àgbàlagbà bíi tiyín! Ó tán láàárín èmi àti ẹ̀yin!"

"Torí hóró bíi mélòó kan?" ni Òkété dá a lóhùn, ojú ń tì í, inú sì ń bí i. "Ó tán náà nìyẹn! Gbé ẹrù rẹ, kí n gbé tèmi!"

Oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀ padà sínú ihò tó ti kó o jáde. Wọ́n rẹ́ ẹnu ihò wọn, kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Lórí Igi Àmì, ohun tó dé etí Àkókó kò ju èyí lọ: "Ó tán... Ó tán..."

"Ó di méjì!" ni Àkókó wí tayọ̀tayọ̀. Kíá ló ha ìrù kúrò nísàlẹ̀, ó ha eyín kúrò lókè. Ó fa eyín sísàlẹ̀, ó fa ìrù sókè. Ó sún sẹ́yìn, ó wo àmì náà. Wọ́n dára, wọ́n gún régé. Ó súfèé.

Oṣù méjì kọjá. Ọmọ Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ bímọ lódì kejì odò, ìyá sì lọ bá a tọ́jú ìkókó.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé. Irú òjò wo nìyí! Kò rọ̀ bí ẹni ń fọ́n omi, ńṣe ló dà bí ẹni ń yí ìkòkò dànù. Odò wú, ó ń ho, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ Òkè Àká.

Ìyá Ẹtu, tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹranko, sáré dé abẹ́ Igi Àmì. "Àkókó! Omi ti ń bọ̀! Ihò kan ṣoṣo la lè ṣí kí omi tó dé ibẹ̀. Irúgbìn wa ńkọ́?"

Àkókó kò tilẹ̀ ronú. Ó wo igi. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ẹtu! Irúgbìn wà lókè téńté. Èkùrọ́ Bàbá Òkété ló wà létí odò."

Háà, ìdùnnú ṣubú layọ̀! Àwọn ẹranko ń jó nínú òjò. Àwọn kan tilẹ̀ lọ ń bá Òkété kẹ́dùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Òkété."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Ta ló kú?"

"Èkùrọ́ yín tí omi fẹ́ gbé lọ ni."

"Èkùrọ́ tèmi? Èyí tí mo gòkè lọ bù láàárọ̀ yìí, tí eékún mi ṣì ń ta mí?"

Àkókó rẹ́rìn-ín látorí igi. "Bàbá, ẹ ti gbàgbé ni. Ẹ ti bá Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ pààrọ̀. 'Ó tán' méjì ni mo gbọ́. Etí mi yìí náà ló gbọ́ ọ!"

Òkété wo ilẹ̀. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èyí tí o gbọ́ yẹn... ìjà ni."

"Ìjà kẹ̀?"

"Àárín wa ló tán, Àkókó. Kì í ṣe iṣẹ́ ló tán."

Ijó dúró. Gbogbo ojú yí sí Igi Àmì. Àmì wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ó dára lójú.

"Ẹ má dá a lóhùn!" ni ẹnì kan ké. "Ó fẹ́ ká bá òun gba èkùrọ́ òun là ni! Àmì ló yẹ ká gbà gbọ́!"

"Àmì wo?" ni òmíràn ké. "Ṣé àmì ló ru ẹrù ni?"

Omi ti dé ìdajì ọ̀nà. Àkókó wo àmì rẹ̀, ó wo omi. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó fi igi náà sílẹ̀.

Ó fò lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tó kángun sí odò. Ó fi ẹnu tó fi ń súfèé kan pákó náà.

Kó! Kó! Kó!

Ó dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí lé e. Èkùrọ́ wúwo, gbì ni ì bá dáhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó dáhùn nínú ihò náà dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò lórí koríko gbígbẹ: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn.

"Àgbàdo ni!" ni Àkókó figbe ta. "Ẹ̀yin ará, àgbàdo wa ni! Èmi ni mo fa irọ́ sára igi! Ẹ wá o!"

Kò dúró dè wọ́n. Kó-kó-kó-kó-kó! Ó ń gbẹ́ amọ̀, ó ń gbẹ́ pákó. Amọ̀ pupa ń ta sí i lórí, òjò ń pò ó mọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń le sí i, ó ń mú sí i. Ìyá Ẹtu fi ìwo kàn án, Òkété fi eyín jẹ ẹ́, eékún tó ń dùn ún kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Gbàà! Pákó já.

Wọ́n tò sí ìlà, wọ́n ń na akèrègbè sí ara wọn. Ọ̀kan jáde. Èjì. Ẹ̀ta. Omi dé orúnkún Ìyá Ẹtu. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà! Bí wọ́n ṣe fẹ́ mú ìkeje, odò gbá a lọ.

Akèrègbè mẹ́fà tó fún gbígbìn. Igbó yè.

Nígbà tí odò fà, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ padà dé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá wo Àkókó sùn-ùn.

"Ta ló dé ọ ní fìlà pupa?"

"Amọ̀ ẹnu ihò yín ni, Ìyá. Mo ti wẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ."

"Má wẹ̀ ẹ́ mọ́," ni Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ó yẹ ọ́."

Àkókó ha gbogbo àmì ara igi náà dànù, ìyẹn ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ó fò lọ sára òkè, ó sì kan ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí, kó tó fa ìlà kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà ni orí Àkókó ti pupa, tí ẹnu rẹ̀ sì le tó lè lu igi já. Bí o bá wọ igbó, tí o gbọ́ kó-kó-kó, dúró kí o wò ó. Èèpo igi náà lè dán, kó sì dára lójú, Àkókó kò ní torí ìyẹn gbà á gbọ́. Á kàn án, á dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì dúró jẹ́ẹ́, títí inú igi yóò fi dá a lóhùn fúnra rẹ̀.