Àgbébọ̀, Òkété àti Àká Abà Ọ̀gán

Ẹ sún mọ́ra, ẹ gbọ́ ààlọ́ o.

Ààlọ̀, a ti sún mọ́ra.

Ààlọ́ mi fò pìrí, ó ré orí aáro kọjá, ó gba ẹ̀yìn àká. Kò bà sórí igi, kò bà sórí òkúta. Orí Àgbébọ̀ adìẹ ló bà lé, òun àti Òkété, àti Ìgalà tó jẹ́ baálẹ̀ Abà Ọ̀gán.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Iṣu ta, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àgbàdo yọ ọmọ, ọmọ náà ò gbó. Àwọn tó lágbára ń rí díẹ̀ kó bọ̀ láti etí odò. Kí ni aláìlágbára yóò ṣe? Àwòdì ti gbé ọkọ Àgbébọ̀ lọ, ó wá ku òun nìkan àti àwọn òròmọdìẹ rẹ̀. Ìgbín ti darúgbó, kò lè rìn dé oko. Ọ̀bọ já bọ́ lórí igi, apá rẹ̀ kán.

Ìgalà pe ará abà jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́ àká kan sí àárín abà. Ẹni tó bá kórè, kó bu díẹ̀ síbẹ̀ fún ẹni tí kò rí. Ebi ò gbọdọ̀ pa ẹnì kan kú lójú wa."

Wọ́n kọ́ àká. Wọ́n bu àgbàdo sí i, wọ́n bu ọkà bàbà, wọ́n bu ẹ̀wà.

Ìgalà bèèrè pé, "Ta ni yóò máa gbé e dé ilé àwọn tí kò rí?"

Òkété dìde. Nígbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété rí pẹlẹbẹ bíi ti àwọn eku yòókù, ọ̀sán gangan ló sì máa ń rìn. Ó ní, "Èmi ni. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa lọ, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Ojú máa ń ti ẹni tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Ìgalà ní Òkété gbọ́n, ó sì láàánú.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kíní. Agbọ̀n tó gbé fún Àgbébọ̀ kò ju ìdajì lọ. Ó ní, "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Àgbébọ̀ dúpẹ́. Àwọn ọmọ jẹ, wọn ò yó.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Oúnjẹ náà kàn bo ìdí agbọ̀n ni. Àgbébọ̀ ní, "Òkété, ṣé bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nìyí?" Òkété ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín ti ń sú àwọn ará abà." Ojú ti Àgbébọ̀. Kò bèèrè mọ́.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló gbé wá, èèpo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ kò lè dìde dúró mọ́.

Àgbébọ̀ ní, "N ó lọ bá baálẹ̀."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ lọ sọ? Pé ẹ ò lè bọ́ ọmọ yín? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Àgbébọ̀ jókòó ti ọmọ, ó ń ro òwe náà. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú ta ni? Ẹ̀sín ni yóò jẹ́ tòun, ikú ni yóò jẹ́ tàwọn ọmọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sọ́dọ̀ Ìgbín. "Ìyá àgbà, ṣé oúnjẹ yín ń tó yín?"

Ìgbín fa orí wọ inú ìkarawun. "Má bi mí, ọmọ mi. Ojú ń tì mí."

Ó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ. Ọ̀bọ wo apá rẹ̀ tó kán. "Èmi tí mo máa ń já èso fún gbogbo ayé, ṣé n ó wá máa kiri pé ebi ń pa mí?"

Àgbébọ̀ ní, "Ó ti yé mi. Ìtìjú wa yìí ni ẹnì kan fi ń yó."

Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbé èyí tí kò lè rìn, ó kọjú sí àká. Ọjọ́ náà ni àwọn ará abà ń kó oúnjẹ wá. Ó gun orí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà àká, ó fi orin sí i:

Ẹ̀yin ará abà, ẹ gbọ́ o,
*Kọ́kọ́rọ́-kọ̀.*
Ebi ń pa mí, n ò ní í bò ó,
*Kọ́kọ́rọ́-kọ̀.*
Ohun tẹ́ ẹ kó ò délé mi,
*Kọ́kọ́rọ́-kọ̀.*

Gbogbo abà yíjú sí i. Nígbà tó yá, Ìgbín wọ́ dé, ó yọ orí. Ó ní, "Tèmi náà ò dé." Ọ̀bọ jáde lẹ́yìn igi. Ó ní, "Tèmi náà."

Bẹ́ẹ̀ ni Òkété gbé agbọ̀n jáde láti inú àká, kò mọ̀ pé èrò pọ̀ níta tó bẹ́ẹ̀. Ìgalà ní, "Òkété, o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?" Òkété ò dáhùn. Ìgalà tún bi í. Òkété ní, "Hùn." Ìgalà ní, "La ẹnu rẹ."

Òkété la ẹnu. Àgbàdo tú jáde, ọkà bàbà tú jáde, ẹ̀wà tú jáde. Àwọn òròmọdìẹ ṣa á jẹ, wọ́n yó, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété sì ti nà, ó ń fì bí àpò òfìfo. Ó fi ọwọ́ tì í wọlé, kò wọlé. Ó sá lọ, ó gbẹ́ ihò, ó kó sí i.

Ìgalà yíjú sí Àgbébọ̀. "Ìyá ọlọ́mọ, àwa náà jẹ̀bi. A kó oúnjẹ jọ, a ò bi yín bóyá ó dé."

Àgbébọ̀ ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pín in ní ọ̀sán, ní gbangba. Kí àwa tí à ń gbà á sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ebi ló ń pa wá, a ò jalè."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọ̀bọ fi apá kan ṣoṣo wọn oúnjẹ, Àgbébọ̀ ń ké pe àwọn ará abà, Ìgbín ń wò ó kínníkínní. Ọmọ tó kéré jù náà dìde, ó sáré. Òjò padà rọ̀. Nígbà tí wọ́n kórè, Àgbébọ̀ náà ru agbọ̀n ọkà tirẹ̀ wá sí àká.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété fi jẹ́ àpò títí dòní, tó ń gbé inú ihò, tí kì í jáde àfi lóru. Ìdí nìyí tí àgbébọ̀ kì í fi í rí oúnjẹ kó dákẹ́. Bó rí hóró kan péré, yóò ké, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì sáré wá. Ó mọ̀ pé oúnjẹ tí a bá ń pín ní kọ̀rọ̀ kì í délé ẹni tó ni ín.

Ibi tí ààlọ́ mi sinmi sí nìyẹn. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ da àgbàdo sílẹ̀ níwájú adìẹ, kẹ́ ẹ tẹ́tí.