Ilẹ̀ Tó Tẹ́jú Jù

Awósanyà ará Ìjẹ̀bú-Igbó ti fi gìtá béèsì jẹun fún ọdún mọ́kàndínlógójì kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé àwọn oníná ló dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ìgbà tó kí òpó iná ẹnu ọ̀nà wọn ní “Ẹ káàárọ̀, mà” lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ kan ni aya rẹ̀, Ìyá Ròpò, mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ojú náà ṣì ṣeé gbà là, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ kọjá Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n sì mú owó dání wá.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nílé tí owó rẹ̀ lè ra ojú méjì padà: gìtá náà. Òyìnbó kan ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ lókè òkun, ọdún mẹ́ta ni Awósanyà sì fi dúró dè é. Igi dúdú tó ń dán ni ojú ọrùn rẹ̀. Kò ní ọ̀kankan nínú àwọn irin wẹ́wẹ́ tó máa ń dábùú ọrùn gìtá yòókù. Àwọn irin wọ̀nyẹn ló ń sọ fún ìka ibi tí ohùn wà. Lórí gìtá Awósanyà, etí nìkan ló ń sọ ọ́.

Ó gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ olórin lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn olórin wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Bàbá Ròpò, ta ló yọ irin rẹ̀?”

“Ẹ rọra. Ojú ló ń dùn wọ́n. Wọn ò tíì mọ̀ pé ó ti bọ́.”

Ọ̀nàṣílé nìkan ni kò mí kanlẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ olórin tó lówó jù nílùú. Ó ní jẹnẹrétọ̀ méjì, ó sì máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì nínú orin. “Mo mọ irú ẹ̀ dáadáa,” ó wí. “Èmi ni màá rà á.”

Àṣà ẹgbẹ́ ni pé kí olùrà gbé ohun èlò lọ sí òde kan kó tó sanwó. Òde Ọ̀nàṣílé bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé epo tuntun. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í fẹ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Orin ń lọ sápá ọ̀tún, béèsì ń lọ sápá òsì. Ẹni tó ni ilé epo sáré lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ epo ló ń ké bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Awósanyà jókòó, ó ń retí owó. Ìyá Ròpò ló wọlé, ó ń mí gúlegúle.

“Bàbá Ròpò, ẹ dìde! Gìtá yín wà lórí tábìlì Mùtíù káfíńtà. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì lalà sí i lọ́rùn. Ọ̀nàṣílé ní kí wọ́n fi ayùn là á, kí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yọ owó iṣẹ́ náà nínú owó yín!”

Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì. Lójú ọ̀nà, Awósanyà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ayùn bá kan gìtá náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá sì bá Ọ̀nàṣílé jà, ta ni yóò rà á kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́? Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, kò rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn.

“Mùtíù, dúró!”

“Bàbá, mo ti wọ̀n ọ́n. Irin wíńdò ló wà nílẹ̀, àmọ́ màá bá yín gé e wẹ́wẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, mò ń bá yín tún un ṣe ni,” Ọ̀nàṣílé wí. “Ọrùn ẹ̀ tẹ́jú jù! Ìka ń yọ̀ lórí ẹ̀ ṣáá. Bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n má là á, ẹ máa gbé e lọ, mi ò rà mọ́.”

Ìyá Ròpò di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Awósanyà gbọ́ tí Mùtíù gbé ayùn lé igi. Ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n máa là á lọ.

“Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ná,” ohùn kan wí láti orí àga ẹ̀yìn.

Làmídì onígòjé ni. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró kí Mùtíù bá òun tún ọ̀pá gòjé òun ṣe. Ẹgbẹ́ olórin kò gbà á wọlé rí, wọ́n ní okùn kan ṣoṣo ló ní. Ó gbé gìtá sí itan, ó wá ohùn lọ, ó wá a bọ̀, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Okùn kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lò. Ó fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò wọn. Wọn kò so gìtá náà mọ́ iná, nítorí náà Mùtíù gbé ayùn sílẹ̀ kó lè gbọ́. Awósanyà tẹ́tí. Kò sí ohùn kan tó ṣìnà.

“Ọ̀gá,” Làmídì sọ fún Ọ̀nàṣílé, “gòjé ò nírin lọ́rùn láti ayé bàbá mi. Ṣé ẹ ó bá mi la òun náà?”

Àwọn ọlọ́kadà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nàṣílé wo ojú wọn, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣáájú òun dé ìpàdé.

“Mo kàn ń dán yín wò ni, ẹ̀gbọ́n,” ó wí, ó sì ka owó náà pé láìyọ kọ́bọ̀. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ti gba Làmídì síṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lójú Awósanyà, Ìyá Ròpò ló kọ́kọ́ rí. Ó kí i ní “Ẹ káàárọ̀, mà,” kó má baà tún ṣe àṣìṣe. Ilà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́rùn gìtá náà títí dòní. Làmídì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

Òwe yìí kò gùn tó báyìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Mùtíù ló mú kí àwọn àgbà olórin ìlú náà máa pa á ní kíkún pé: ẹni tí kò mọ ijó jó ló ń sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú; ẹni tí kò mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n jó ló ń sọ pé ó tẹ́jú jù.