Birikìlà Tó Ń Retí Lẹ́tà

Birikìlà kan wà ní Ìkìrun níbí, ó ti fẹ̀yìn tì. Ilé tó kọ́ ní ìlú yìí kò lóǹkà. Ilé tí ìwọ Fọlárànmí ń gbé pàápàá, òun ló kọ́ ọ fún bàbá rẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì wà ní Kánádà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí bàbá yìí ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá sọ fún un nípa ọmọ náà nìkan ló mọ̀.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àrùn náà ti pẹ́ nínú ojú, kò sí oògùn tó lè dá a padà mọ́. Ó ní kí ọdún náà tó parí, ó lè má ríran mọ́ rárá. Birikìlà kò sunkún nítorí ìyẹn. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé nǹkan kan ló kù tí òun fẹ́ fi ojú yìí wò kó tó lọ: lẹ́tà tí ọmọ òun bá kọ sí òun, àti àwòrán rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní àwọn ọmọ òde òní kì í kọ lẹ́tà sínú àpò ìwé mọ́, ímeèlì ni wọ́n ń kọ. Ó wá kọ àdírẹ́sì ímeèlì ọmọ náà sórí bébà fún un. Birikìlà ká bébà náà, ó fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ǹpútà fún àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Èmi náà forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ fún ọ. Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún ni olùkọ́ wa. Sùúrù rẹ̀ pọ̀, ó sì nílò rẹ̀. Àwa mọ́kànlá ni, a kò sì ṣe é kọ́. Ẹnìkan nínú wa gbé máòsì sókè, ó nà án sí ẹ̀rọ bí ẹni ń yí tẹlifíṣọ̀n padà. Òmíràn kì í tẹ bọ́tìnnì kankan láì kọ́kọ́ bẹ olùkọ́ pé kó má bínú bí ó bá bà á jẹ́. Ní ti birikìlà, símẹ́ǹtì ti sọ ìka rẹ̀ di igi. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀kan, mẹ́sàn-án ni yóò tò sójú ẹ̀rọ. Olùkọ́ ní kó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ó gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ ṣí àpótí lẹ́tà fún kálukú wa. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wọlé, ó sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sọ páásíwọ̀ọ̀dù wa fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe pásítọ̀. Ó fi ibi tí lẹ́tà tó bá dé máa ń wà hàn wá, ó fi ibi tí a ti ń kọ tiwa hàn wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Àbújá. Èsì dé kó tó dìde lórí àga. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti ń kọ, tí a sì ń gbà.

Birikìlà nìkan ni kò kọ. Òun ló máa ń dé ṣáájú gbogbo wa. Yóò wọ inú àpótí rẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, yóò rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì jókòó tì í. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ wa ní nǹkan mìíràn, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àpótí yẹn. Bí a bá ń múra ilé, yóò tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, àmọ́ n kò mọ ohun tó ń dúró dè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó di márùn-ún, ó di mẹ́jọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fara ti àga bó bá ń wo ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ó ń tẹ̀ síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Olùkọ́ bá a sọ ìkọ̀wé inú rẹ̀ di ńlá, ó tún sọ ọ́ di ńlá sí i, kó lè máa rí i dáadáa pé àpótí náà ṣófo.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, olùkọ́ fa àga, ó jókòó tì í. Ó rò pé bàbá náà kò mọ lẹ́tà kọ ni, tí ojú sì ń tì í láti béèrè. Ó ní kí àwọn jọ kọ ọ̀kan. Birikìlà ní òun mọ̀ ọ́n kọ, pé lẹ́tà ọmọ òun ni òun ń retí. Olùkọ́ bi í bóyá ọmọ náà mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ní kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ ti ní ímeèlì. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún àbúrò òun pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Olùkọ́ wá ṣàlàyé fún un pé àpótí yìí dà bí ilé tí èèyàn kọ́ sínú igbó tí kò sì la ọ̀nà dé ibẹ̀. Kò sí àlejò tó máa yà síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé ló ń la ọ̀nà fún ẹnì kejì.

Ó yé birikìlà, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní, "Èmi ni mo bí i. Ọmọ ló ń kí bàbá. Ṣé èmi ni màá wá kọ́kọ́ kí ọmọ tí mo bí?"

Fọlárànmí, má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Ọmọdé ló ń dọ̀bálẹ̀, àgbà ló ń dáhùn. Nínú wa tí a jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí kò gbà pé bàbá náà jàre.

Olùkọ́ kò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé báwo ni bàbá náà àti ọmọ rẹ̀ ṣe kí ara wọn kẹ́yìn.

Birikìlà ní òun kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Òun ti ra ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, òun sì ti ń retí ọjọ́ tí àwọn yóò jọ mọ ilé rẹ̀ síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ọmọ náà wọ yàrá wá bá òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàámi, ẹ káàárọ̀." Òun kọjú sí ògiri. Ọmọ náà wà nílẹ̀ títí dírẹ́bà fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀kẹta níta. Ó wá dìde, ó lọ. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń pe òun lórí fóònù, òun kò gbé e. Lẹ́yìn náà, kò pè mọ́.

Gbogbo wa ti gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Olùkọ́ rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ti kí yín. Láti ọdún mẹ́fà ló ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ìdáhùn yín ló kù."

Birikìlà ṣí Bíbélì rẹ̀, ó mú bébà náà jáde, ó nà án sí olùkọ́ kó bá òun kà á, nítorí òun kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tẹ lẹ́tà náà. Ìlà kan péré ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní wákàtí kan. Ohun tó kọ ni pé, "Àkàngbé, káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?" Ó fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni.

Nígbà tí a pàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì ti wà nínú àpótí. Ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ló ti dé, kò tíì pẹ́ tí a tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Olùkọ́ ṣí i. Birikìlà tẹjú mọ́ ọn, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ funfun lọ. Olùkọ́ sọ ìkọ̀wé náà di ńlá, ó ń sọ ọ́ di ńlá títí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Birikìlà fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kà á jáde. "Bàámi" ni. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló fi ojú ara rẹ̀ kà nínú lẹ́tà náà. Olùkọ́ ló ka ìyókù fún un.

Ọmọ náà kọ ọ́ pé, "Bàámi, dáadáa ni mo jí." Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ibẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí òun kì í kí bàbá òun nínú yàrá òun kí òun tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun ti fẹ́yàwó, òun sì ti bí ọmọbìnrin kan. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rí àgbà tirẹ̀ tí yóò kúnlẹ̀ fún. Ó fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́.

Birikìlà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Ó béèrè pé ta ni ọmọ náà jọ. Olùkọ́ wo àwòrán, ó wo bàbá, ó ní iwájú orí bàbá náà gan-an ni ọmọ náà gbé wá sáyé. Ó béèrè bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní ó ń rẹ́rìn-ín, ó dúró nínú yìnyín, ó wọ ìbọ̀wọ́ pupa. Bàbá náà ní kó tún sọ ọ́. Ó tún sọ ọ́.

Birikìlà wá sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi jókòó síbí. Ká ní mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ, ǹ bá ti rí ojú rẹ̀."

Àkàngbé ń pè é lórí fóònù láràárọ̀ báyìí, inú bàbá náà sì ń dùn sí i. Ó ń béèrè ohun gbogbo nípa ọmọbìnrin yẹn: bó ṣe ga tó, bí wọ́n ṣe di irun rẹ̀, irú aṣọ tó wọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ fún un, ó ń gbọ́. Ohun tó fẹ́ fi ojú wò nìyẹn, etí ló wá ń fi gbà á.

Fọlárànmí, láti àárọ̀ lo ti jókòó síwájú mi tí ò ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò rẹ fún mi. O ní òun ló kéré, òun ló yẹ kó wá bá ọ. N kò bá ọ jiyàn, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo fẹnu ara rẹ sọ pé ó wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ ní ọjọ́ ọdún, tí o sì ní kí ìyàwó rẹ sọ fún un pé o kò sí nílé. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì rẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ọ̀tún ni kò tíì ṣe nǹkan kan. Má sì sọ fún mi pé o kò fẹ́ rí i. Mo ń wò ọ́: bí ọ̀kadà bá ti dúró níta, ojú rẹ á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Òun lò ń retí, ìwọ ọmọ yìí, ó sì ti wá.

N kò mọ ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o ti ń dúró yìí. Ti birikìlà, ojú ni. Ìwọ kò tilẹ̀ ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà, òpópónà kejì ni ilé àbúrò rẹ wà. Dìde, lọ dá a lóhùn.