Ẹ̀gbọ́n Tó Kọ̀ Láti Jókòó Níwájú Àbúrò

Ìtìjú-kì-í-bọ́ni ló ṣawo fún Fákúnlé, níjọ́ tó ń fi omijé wá ìwé oyè.

Ọmọkùnrin yìí ti pẹ́ ní yunifásítì, àmọ́ kẹ́mísírì kò jẹ́ kó lọ síwájú. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi; ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Káríóvà gorí káríóvà, títí Ìbídùnní, àbúrò rẹ̀ obìnrin, fi wọlé, tó sì bá a nínú kíláàsì kan náà. Wàyí o, àwọn aláṣẹ ti kìlọ̀ fún un: bó bá tún kùnà ní sáà yìí, kó kẹ́rù rẹ̀ máa lọ sílé. Bàbá wọn ti kú. Òun ni dáódù, òun sì ni ìyá wọn ń wò lójú.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéyẹ, àgbà olùkọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí ilé ìrànwọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń yẹ̀. Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn níbẹ̀, ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì kó tó wá di akẹ́kọ̀ọ́, onírùngbọ̀n funfun, tí ìṣòro kan náà ń bá fínra. Ìyáàfin náà bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè bí ẹ̀kọ́ kò bá yé wọn. Àwọn méjèèjì ní àwọn kì í bi ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó là á já, àmọ́ ẹbọ wà níbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ mú ewúrẹ́ wá. Ipò àgbà yín ni kẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ máa wá jókòó nírọ̀lẹ́ níwájú ọmọ tí mo yàn pé kó máa kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀."

Fákúnlé bèèrè orúkọ ọmọ náà. Ìyáàfin ní Ìbídùnní ni.

"Màmá, ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà? Èmi ni mo kọ́ ọ ní ábídí."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹbọ."

Àwa tí à ń dáfá mọ èyí dájú: ẹbọ tí kò sí lọ́jà ló máa ń nira jù láti rú. Fákúnlé dọ̀bálẹ̀, ó kí Ìyáàfin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ọmọ tó mọ ìkíni, tí kò mọ ohun tí yóò gbà á là!

Láníhùn rú ẹbọ tirẹ̀. Ìbídùnní pè é síwájú pátákó kó wá dáhùn ìbéèrè, ó ṣì í, àwọn ọmọ tó lè bí lọ́mọ fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi làágùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá.

Nílé, Ìbídùnní kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun á ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa rí wọn. Fákúnlé ní bó bá tún dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, òun á gbàgbé pé ọmọ ìyá kan ni àwọn. Ó ń dá kàwé títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ń há ohun tí kò yé e sórí. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ó ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kò kàn gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́ òun sọ́nà ni.

Èsì jáde. Láníhùn yege. Wọ́n yọ Fákúnlé nílé ìwé. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkéyẹ fúnra rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́rù, ó yà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìrànwọ́ náà. Ìbídùnní nìkan ló bá níbẹ̀. Fákúnlé jókòó níwájú rẹ̀.

"Ìbídùnní, jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Síbẹ̀ ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́, ó sì ń pè é ní bọ̀ọ̀dá mi bó ṣe ń pè é nílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tó ti ń já a kulẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti yé e yékéyéké. Ó gbórí lé tábìlì, ó sunkún. Àbúrò rẹ̀ náà sunkún.

Ẹni tó rú ẹbọ ti wọ ẹ̀wù oyè, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì jó wálé. Ẹni tó pẹ̀gàn ẹbọ ń kábàámọ̀ títí dòní. Ó ti mọ kẹ́mísírì dáadáa báyìí, kò sì sẹ́ni tó máa bi í nínú ìdánwò mọ́.