Okùn Tí Láníhùn Kò Fẹ́ Dẹ̀

Ní ìlú Òkè Ìrókò, òwe kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn àgbà: "Ẹni tó fẹ́ràn jìtá ní í dẹ okùn rẹ̀." Bí ẹ bá ti bá wọn jókòó ní ilé ọ̀fọ̀ rí, tàbí tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá kan ń sin ọmọ rẹ̀ sọ́nà ìrìnàjò jíjìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Ìlú àgbẹ̀ ni Òkè Ìrókò. Kí ni àgbẹ̀ rí lára jìtá tí ó fi wọ inú òwe wọn?

Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Láníhùn ni ó gbé jìtá wọ ìlú náà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó bá wọn ṣiṣẹ́ reluwé ní Èkó, ibẹ̀ ni ó sì ti ra jìtá kan lọ́wọ́ atukọ̀ òkun tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Igi pupa ni jìtá náà, ọrùn rẹ̀ gùn, okùn mẹ́fà sì ni a ta sí i, okùn onírin tí àwọn olórin ń pè ní wáyà. Orí itan ni Láníhùn gbé e lé nínú ọkọ̀ títí tó fi délé. Láti ọjọ́ náà, ohun èlò mìíràn kò wù ú mọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ gbé jìtá tuntun wá fún un, èyí tó ń dán bí ojú dígí. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yìn ín, ó sì dá a padà fún wọn.

"Ó dára," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n a kò tíì jọ jìyà."

Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbà lára ọrùn jìtá àtijọ́ náà ti jẹ wọnú, ó ti di kòtò kékeré tó bá ìka rẹ̀ mu rẹ́gí. Bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, jìtá ni yóò bọ́ aṣọ bò, òjò a sì pa òun fúnra rẹ̀ délé.

Nígbà tí ó gbé Ìbídùn níyàwó, ìyá Láníhùn fi ìyàwó tuntun ṣe àwàdà. Ó ní kí ó má rò pé òun ni àkọ́kọ́ o, ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ wọ ilé yìí, ara ògiri ni onítọ̀hún ń gbé. Ìbídùn kò bínú. Ó wo jìtá níbi tí wọ́n fi kọ́ ògiri, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ kú ilé o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti sọ ọ́ di àṣà. Bí ó bá jí, tí ó ti kí ọkọ rẹ̀ tán, yóò kọjú sí ara ògiri: "Ìyáálé mi, ẹ ò jíire bí?" Yóò sì fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn gùn, bí ẹni tó fẹ́ dá orin.

Olórin ni òun náà. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì wúwo, kò ga bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin. Òun ni ó ń dá orin nínú ẹgbẹ́ olórin ọkọ rẹ̀. Láníhùn kò ní irú ohun tí àwọn olórin ìlú ńlá fi ń mọ ibi tó yẹ kí okùn dúró sí. Ìkíni aya rẹ̀ ni ó ń lò. Bí Ìbídùn bá ti fa ohùn láàárọ̀, òun a yí etí jìtá, ìyẹn àwọn kókó orí rẹ̀ tí a fi ń fa okùn le, títí okùn kan láàárín yóò fi bá ohùn náà dúró. Okùn kan yẹn ni ó fi ń to márùn-ún tó kù.

Bí eré bá sì parí, Láníhùn kì í fi oúnjẹ kan ẹnu kí ó tó dẹ okùn wọ̀nyí. Ó ní ẹrù ni okùn líle jẹ́ fún igi, igi náà sì yẹ kí ó sinmi. Kò fi èyí ṣeré rárá. Lọ́jọ́ kan, Oyèwùsì, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà, gba jìtá náà láti fi dánra wò, ó sì fi okùn líle dá a padà.

"Oyèwùsì," ni Láníhùn wí, "ṣé pẹ̀lú ìdì igi lórí ni ìwọ máa ń sùn?"

"Èmi? Èmi kì í tilẹ̀ ru igi lọ́sàn-án."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ fi tọ́. Ẹni tó fẹ́ràn jìtá ní í dẹ okùn rẹ̀."

Ìyàwó Oyèwùsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán ni nígbà náà. Kò tíì di òwe.

Ní ìparí òjò ọdún kan, wọ́n pè wọ́n sí ìkómọjáde ní abúlé kan nítòsí. Ìbídùn kí ìyáálé rẹ̀ láàárọ̀, Láníhùn to okùn, wọ́n lọ, wọ́n sì ṣeré. Bí wọ́n ti ń bọ̀ ni Ìbídùn sọ pé òtútù ń mú òun. Kí wọ́n tó délé, ibà líle ti mú un. Láníhùn fi jìtá kọ́ ògiri láìdẹ okùn rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti ní in, ó sì gbé aya rẹ̀ dìde lọ sí ọsibítù. Ìbídùn kò bá a padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èrò túká. Tinúọlá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, padà sí ilé ọkọ rẹ̀. Láníhùn jí láàárọ̀, kò gbọ́ ìkíni. Ó dìde, ó rìn dé ìdí ògiri, ó sì fi ìka ta okùn àárín. Ohùn Ìbídùn dáhùn. Ibi tí ó fi okùn náà sí ní òwúrọ̀ tó kẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ló wà. Láníhùn fìdí lé àpótí, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́.

Kò ṣeré mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní ara òun kò yá. Ohun tó kù tí ó ń fi jìtá ṣe kò ju pé láràárọ̀ yóò ta okùn kan yẹn lẹ́ẹ̀kan, yóò tẹ́tí sí i, yóò sì fi aṣọ ìró Ìbídùn bò ó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọyẹ́ sì dé. Ètè ń là, ilẹ̀kùn ń súnkì kúrò lára férémù rẹ̀, ohun gbogbo tí a fi igi ṣe ń pariwo lọ́sàn-án. Oyèwùsì wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rọra ṣí aṣọ kúrò lójú jìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Láníhùn, pátákó tó di ìdí okùn mú ti ń ṣí. Wá wò ó, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Dẹ okùn yìí kí ọyẹ́ tó ya igi náà."

"Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ta ni yóò fún mi ní ohùn tí n ó fi tò ó padà?"

Oyèwùsì fi àtàǹpàkò tẹ pátákó náà mọ́lẹ̀.

"Aṣọ àti ọlọ ni ó fi sílẹ̀ nínú ilé yìí," ni Láníhùn tún wí. "Aṣọ kì í fọhùn. Ọlọ tí kò sí ẹni tó ń fi lọ ata kì í fọhùn. Èyí nìkan ló ń dá mi lóhùn. Bò ó padà, jọ̀wọ́."

Oyèwùsì bò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i tí Láníhùn jí, tí ó ta okùn náà. Ohùn náà ti sọ̀kalẹ̀. Díẹ̀ ni, ẹlòmíràn kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀kalẹ̀. Ó di etí jìtá mú láti fà á padà sí ipò rẹ̀. Bí ó ti yí i ni igi náà kérora, pátákó gbéra sí i, ojú ìlà kan tó tínínrín bí irun sì là lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láníhùn yọwọ́ bí ẹni tí iná jó. Ó fi aṣọ wé jìtá náà, ó gbé e lé apá méjèèjì, ó sì jáde sínú ọyẹ́. Bí ó ti gbé Ìbídùn jáde ní ẹnu ọ̀nà kan náà nìyẹn.

Abẹ́ ìbòòji iwájú ilé Oyèwùsì ni ó ti bá a, ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti yẹ̀," ni Láníhùn wí. "Kò sí níbi tí Ìbídùn fi sí mọ́."

Oyèwùsì ta okùn náà, ó tẹ́tí. "Létí tèmi, bákan náà ni."

"Ó ti yẹ̀, mo sọ fún ọ."

"Ta ló sọ fún ìwọ?"

Láníhùn wo okùn náà. Ó jókòó. Ó na jìtá sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bá mi dẹ̀ ẹ́. Ojú mi kò gbà á. Jẹ́ kí n kọjú sẹ́yìn."

"N kò ní í dẹ̀ ẹ́."

"Oyèwùsì, mo bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n níjọ́sí o bá mi wí lójú ìyàwó mi, o ní ọ̀lẹ ni ó jẹ́ kí ọrùn mi tọ́. O rántí ohun tí o sọ tẹ̀lé e?"

"Mo rántí."

"Wí i kí n gbọ́."

"Ẹni tó fẹ́ràn jìtá," ni Láníhùn wí.

"Òun ní í dẹ okùn rẹ̀," ni Oyèwùsì bá a parí rẹ̀. "Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo dẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi, títí o ó fi kú ni ìwọ yóò máa rò pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Láníhùn gbé jìtá lé itan. Àwọn okùn yòókù ni ó kọ́kọ́ dẹ̀, ó sì fi ti àárín ṣe ìkẹyìn. Ó ta á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí à ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, títí igbó fi bò ó. Okùn náà rọ̀, kò dún mọ́. Láníhùn gbé iwájú orí lé ara igi jìtá, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èrò ni òun ń tù nínú, kò ráyè sun tirẹ̀. Oyèwùsì kò ní kí ó dákẹ́. Ó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì gbé jìtá padà sí ilé Láníhùn, wọ́n sì fi àtè àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ pátákó náà padà. Wọ́n nílò ohun tó wúwo tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Láníhùn wọ inú ilé ìdáná rẹ̀ lọ, ó sì gbé ọmọ ọlọ Ìbídùn jáde. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti lọ, ìgbà yẹn ni ọlọ náà tó tún ríṣẹ́ ṣe.

Ní òwúrọ̀ tí àtè gbẹ, Láníhùn gbé jìtá kọ́ àyè rẹ̀, ó sì dúró níwájú rẹ̀. Okùn dẹ̀. Kò sí ohùn kankan nínú ilé. Kò mọ ìgbà tí ó la ẹnu.

"Ìyáálé mi," ni ó wí, "ẹ ò jíire bí?"

Kò sọ ọ́ rí láyé rẹ̀. Ẹnu Ìbídùn nìkan ni ó ti ń gbọ́ ọ. Ó fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn gùn bí ìyẹn ti máa ń fà á, ohùn náà sì jáde ní ọ̀fun òun, ó dúró níbi tí ó ti máa ń dúró. Ó sáré gbé jìtá, ó yí etí rẹ̀ títí okùn àárín fi bá ohùn náà pàdé. Ṣé ibẹ̀ gan-an ni? Kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i, Láníhùn náà kò sì búra. Ó to márùn-ún tó kù mọ́ ọn, ó sì ta orin kan tí Ìbídùn máa ń dá. Nígbà tí orin dé ibi tó yẹ kí ohùn obìnrin náà wọlé, àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Láníhùn kò fi ohunkóhun dí i. Ó ta orin náà kọjá, ó ta á parí, ó dẹ okùn, ó sì lọ jẹun.

Oyèwùsì ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn àgbà Òkè Ìrókò, wọ́n sì sọ ọ́ di òwe. Bí ẹnì kan bá di òkú rẹ̀ mú títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń bó, òun ni wọ́n ń pa á fún. Wọ́n ń pa á fún òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àti fún àgbà tí kò lè fi iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọn kì í fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tí kò fẹ́ràn kò ní okùn tí yóò dẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́: "Ẹni tó fẹ́ràn jìtá ní í dẹ okùn rẹ̀." Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ tán, wọn kì í dìde lọ. Wọn a jókòó ti ẹni náà títí yóò fi dẹ̀ ẹ́.