Òkò Olójú Tí Gúólín Sọ Sọ́jà

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Gbogbo ẹnu ló ń pa òwe yìí, àmọ́ ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ má wá a lọ sí Ọ̀yọ́. Aṣálẹ̀ Ṣáínà ló ti ṣẹ̀.

Gúólín ẹnjiníà ló ṣe òkò náà. Mísáìlì ni, ṣùgbọ́n òkò olójú làwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ó ń wo òkè, ó ń wo odò, ó ń fi wọ́n wé àwòrán inú rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí wọ́n rán an. Ó ń fò sún mọ́lẹ̀ débi pé ó lè fá irun ẹ̀yìn ewúrẹ́ kí ewúrẹ́ má mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Gúólín fi ṣe é. Kò jókòó, kò sùn. Bàtà mẹ́rìndínlógójì ló gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú àlọ àbọ̀.

Wọ́n kọ́ ìlú ẹ̀tàn sí aṣálẹ̀ fún ìdánwò. Gúólín fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́ ọjà sí i, kí òkò lè wá ìsọ̀ àárín tí òrùlé rẹ̀ pupa kàn. Iyanrìn ni wọ́n dì sí orí òkò náà dípò ẹ̀tù. Kò mọ̀ pé àwọn darandaran ti rí ìsọ̀ tuntun tí kò ní onílé, wọ́n sì ti ń ná ọjà níbẹ̀ lọ́rọọrún. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ̀, àmọ́ ẹran àgùntàn ọ̀fẹ́ ti dí wọn lẹ́nu. "Kò sí ẹ̀dá alààyè níbí," ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́.

Òkò gbéra. Fóònù Gúólín dún. Súlán ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń ta fìlà láti ọjà dé ọjà.

"Àbúrò mi, mo ti rí ìsọ̀ o! Àárín ìlú ẹ̀tàn yín gan-an, òrùlé pupa!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sá! Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀!"

"Ta ló ń lé mi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ fìlà ni. Ṣé orí rẹ pé?"

"Mo ti sọ òkò síbẹ̀!"

"Sínú ọjà? Gúólín, kí ni ọjà fi ṣe ọ́?"

"Ẹ dá a padà!" ni Gúólín kígbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò ṣeé ṣe mọ́. Òun ló ṣáà ní kí òkò má gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni mọ́ bó bá ti gbéra. Ó ń yí tábìlì po bí adìẹ tí wọ́n já ní ìrù, ó ń pariwo sínú fóònù, títí Súlán fi gbé ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé.

Òkò dé, kò fi ìka kan ṣìnà. Igi òrùlé já lu Súlán, ó sì ṣẹ́ itan rẹ̀ sí méjì. Àwọn ọ̀gá ológun tó wá wo ìdánwò ń pàtẹ́wọ́. Gúólín nìkan ló wà nílẹ̀ tó ń sunkún. Títí Súlán fi kú, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá ń gbèrò ibi sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó rò pé ti òun kò sí láàárín wọn, àwọn àgbà á dá a lẹ́kun pé: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.